ǸJẸ́ ÀBÙKÙ NI KÍ ÀGBÀ DI AKẸ́KỌ̀Ọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí mo fẹ́ kí a jọ rò. Bí ènìyàn bá ti dàgbà, tí ó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí ó ti ṣe olórí ẹgbẹ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó tún jókòó níwájú ọmọdé kí ó ní, "Kọ́ mi"?

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe tíṣà. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní New Zealand, ó mú mi lọ sí Kaiteriteri létí òkun, níbi tí àwọn Māori ti ń mú àlejò wa ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní waka ama. Ọkọ̀ tóóró ni, tí a so igi tí ń léfòó mọ́ lápá òsì kí ó má baà dojú dé. Ènìyàn mẹ́fà ni ó jókòó tẹ̀lé ara wọn: gbogbo wọn ní í bá ẹni iwájú rìn, ẹni ẹ̀yìn sì ni atukọ̀.

Ọmọbìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀ ni olùkọ́ wa. Ó ní kí á máa wo ẹni tí ó wà níwájú wa, kí àjẹ̀ gbogbo wa máa wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Mo yára ju ìyókù lọ. Àjẹ̀ mi gbá ti ẹni iwájú mi. Mo tún fara sí ọ̀tún, igi òsì sì gbéra kúrò lójú omi. "Whaea, ẹ fara sí òsì!" ni ọmọ náà ké. Whaea ni wọ́n ń pe ìyá. Àyà mi já, nítorí n kò mọ̀wẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Àwọn mẹ́rin yòókù náà kò wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, síbẹ̀ wọn kò fi ẹnikẹ́ni sínú ewu. Àìmọ̀ mi kọ́ ni ó fẹ́ dojú ọkọ̀ dé, bí kò ṣe kíkọ̀ tí mo kọ̀ láti gba ẹ̀kọ́.

Àwọn Māori fúnra wọn ti fi waka ama sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní àwọn ọdún 1980 ni wọ́n sọ ọ́ jí. Matahi Brightwell, tí ó ti bá àwọn ará Tahiti ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tí ó mú un padà wá. Ogún baba wọn ni, síbẹ̀ wọ́n gbà láti kọ́ ọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọ̀wọ̀ àgbà yóò lọ. Ọmọ náà bá mi wí, ṣùgbọ́n Whaea ni ó ń pè mí títí a fi gúnlẹ̀. Àpólò pàápàá, ọ̀jáfáfá nínú ọ̀rọ̀, gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Àkúílà àti Prìskílà tí ń pàgọ́.

Arábìnrin mi, nígbà tí ọmọdé bá dìde ní ìpàdé wa láti fi ọ̀nà kan hàn, ta ni ó ń jìyà bí a bá pa á lẹ́nu mọ́? Gbogbo ọkọ̀ ni. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó ṣeé kọ́. Àmín.