Ilé Òwò àti Òde Òwò: Ṣé Ìnira Ìlú Lè Sọ Òṣùwọ̀n Èké Di Ẹ̀tọ́?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Gwarinpa àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé, bí a ti ń jẹ, tí a ń mu lónìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ rò, nítorí pé kò sí ilé kan nínú ẹgbẹ́ wa tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Bí ọkọ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ìyàwó lè ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ìyàwó bá jẹ́ olùkọ́, ọkọ lè ní ọkọ̀ kan tí wọ́n ń bá a wà. Ẹni tí kò tà, ó ń rà. Ìbéèrè mi nìyí: nígbà tí ìlú bá le, tí ọjà kò sì tà bó ṣe yẹ, èwo nínú ìwà wa ni a lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìlú, èwo sì ni ó jẹ́ tiwa, tí a ó dáhùn fún?

Àwọn tí ó kọ́ nípa ìṣàkóso òwò ní pólì mọ̀ pé ọ̀kan nínú ohun tí olùkọ́ kọ́kọ́ máa ń kọ sójú pátákó ni pé òwò ní ilé, ó sì ní òde. Ilé òwò ni owó tí a fi bẹ̀rẹ̀, ọjà tó wà lórí àtẹ, àwọn ọmọṣẹ́, ìwé ìṣirò, bí a ṣe ń dá oníbàárà lóhùn, àti ìwà ẹni tí ó ni ín. Òde òwò ni ìjọba àti òfin rẹ̀, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sí dọ́là, iná mànàmáná, ọ̀nà, àwọn tí a jọ ń ta ọjà kan náà, àwọn tó ń kó ọjà wá fún wa, títí dé orí òjò àti ọ̀dá. Ohun tó wà nínú ilé, ọwọ́ wa tó o. Ohun tó wà lóde, a kàn lè máa ṣọ́ ọ, kí a sì múra dè é.

Àwọn bàbá wa tí kò rí pólì rí náà mọ èyí. Wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí dára, ó sì ń kọ́ ènìyàn láti yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa fi dá ọmọnìkejì lẹ́bi, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí tòde ń dá pani.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Gánà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti ń ṣòwò níbẹ̀, ní Accra, ní Kumasi, títí dé Tamale lápá òkè. Wọ́n bímọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì kọ́lé. Ní ọjọ́ 18, oṣù November, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò nílùú. Ọjọ́ 14 péré! Ẹni tí ń kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ lálaalẹ́ àti ẹni tí kò kọ ọ́ rí, olóòótọ́ àti oníjìbìtì, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ di ẹrù sí. Ta ni yóò wá sọ pé ikú ilé ló pa wọ́n? Ní oṣù January 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà, orúkọ àpò tí wọ́n fi kó ẹrù kò sì tíì kúrò lẹ́nu wa dòní. Òde kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Àwa tí a wà ní Àbújá náà ti rí tiwa. Ní ọjọ́ 30, oṣù March, ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ sé wa mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà. Alárànṣọ, onídìrí àti ẹni tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà kò rí ibi kan lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, owó sì wọ́n ju ọjà lọ. Ní oṣù May ọdún yẹn kan náà, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ sì ju 500 náírà lọ. Nígbà tó di oṣù June, náírà já wálẹ̀ níwájú dọ́là. Ọkọ̀ tí ń gbé ẹ̀wà àti iṣu wá, epo ló ń mu. Jẹnẹrétọ̀ tí ń mú ẹja tutù, epo ló ń mu. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ará wa kan tí ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 3rd Avenue, ẹ má sáré sọ pé ọ̀lẹ ni, ẹ má sì sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé òde ló le ju agbára rẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni mo dé yìí. Bí a bá ti gbà pé òde le, ṣé ìyẹn wá sọ gbogbo ohun tí a bá ṣe nínú ilé di ohun tó tọ́? Ẹ wo kóńgò tí à ń pè ní múdù níhìn-ín. Gbogbo wa la ti rí múdù tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá bi ẹni tí ó ni ín, yóò ní, “Ìlú le. Ṣé kí n má jẹun ni?”

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní múdù gàárì kan jẹ́ 1,000 náírà, owó ọkọ̀ sì wá lé. Ọlọ́jà kìíní fi 100 náírà lé e, ó ń tà á ní 1,100. Ọlọ́jà kejì kò fi kọ́bọ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó lu ìdí múdù wọlé, ìdá kan nínú mẹ́wàá gàárì kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Nínú àpò àwọn ọlọ́jà méjèèjì, èrè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nínú ilé ẹni tó rà á, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n pè ní 1,100 lè náà, ó lè ra àbọ̀ múdù, ó lè lọ síbòmíràn. Ẹni tí wọ́n lu múdù fún kò ní àǹfààní kankan nínú ìwọ̀nyí. Ó ti wọn oúnjẹ ọmọ márùn-ún sọ́kàn, ó wá délé bá ti mẹ́rin àti àbọ̀. Owó nìkan kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ tó ní láti yàn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé iye tí a ń pe ọjà, òde ló ń bá wa dá a. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n, inú ilé ló wà pátápátá. Kò sí ìjọba tó bá wa lu ìdí múdù. Mùsùlùmí inú wa mọ̀ pé orí 83 nínú Kùránì gba orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Kìrìsìtẹ́nì inú wa mọ̀ pé ìwé Òwe nínú Bíbélì dá òṣùwọ̀n èké lẹ́bi. Ìjọba náà ṣe òfin ààbò oníbàárà, òun ló sì gbé àjọ FCCPC kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ wo ló lè fi òṣìṣẹ́ kan ṣọ́ múdù kọ̀ọ̀kan? Ọkàn ọlọ́jà ni ọlọ́pàá àkọ́kọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Wọ́n á ní bí àwọn bá pe 1,100, tí aládùúgbò ń pe 1,000 pẹ̀lú múdù lílù, oníbàárà yóò sá lọ, owó ilé-ìwé ọmọ kò sì ní dúró. Òótọ́ ni. Òtítọ́ a máa náni lówó, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta gàárì náà ló ń ra ìrẹsì, ló ń ra epo pupa, ló ń ra aṣọ. Bí olúkúlùkù bá lu múdù tirẹ̀, ohun tí a jí níwájú ṣọ́ọ̀bù, a ó san án padà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà sì wà tí kò ní èké nínú. Ẹ di ọjà sí ọ̀rá kékeré, kí ẹ ta á ní iye kékeré, lójú gbogbo ènìyàn. Kékeré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Kí n tó dákẹ́, ó ku ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì bá wí: àwa tí a kò ní ṣọ́ọ̀bù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni èmi tí mo ń kọ èyí. Àwa òṣìṣẹ́ a máa sọ̀rọ̀ òde bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti ń já bọ́. Ẹ gbọ́, àwa gan-an ni òde ẹlòmíràn. Ẹni tó ra àwìn lọ́wọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù, tí owó oṣù wọlé, tó wá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá, òun ni òde ìyá yẹn. Ẹni tí fáìlì owó àgbàṣe wà lórí tábìlì rẹ̀, tí kò fọwọ́ sí i títí wọn yóò fi “rí i”, òun ni òde agbaṣẹ́ṣe àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Onílé tó fi owó lé owó ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, òde ni òun náà. A kò lè máa bú ìlú tó le, kí ó sì jẹ́ àwa là ń mú un le.

Ẹ̀yin ará mi, a kò ní agbára lórí dọ́là, a kò ní agbára lórí epo. Ṣùgbọ́n a lè san àwìn wa kí oṣù tó parí, a lè fọwọ́ sí ìwé tó bá tọ́ láìgba kọ́bọ̀, a sì lè gbé múdù wa sókè kí gbogbo ènìyàn rí ìdí rẹ̀. Bí òde bá bì wá ṣubú lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará ilé yóò mọ ẹni tí wọ́n ń gbé dìde.