Ẹyẹ Ìgbà Òtútù àti Ẹni tí Ń Ya Àwòrán Rẹ̀

Bí a bá gba ohun kan lọ́wọ́ ẹ̀dá tí kò lè bèèrè rẹ̀ padà, ǹjẹ́ a jẹ ẹ́ ní gbèsè bí? Ìbéèrè yìí lè dàbí àlọ́ létí ọmọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti bá wa, ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí àwa àti ọ̀rẹ́ wa kan gbé kámẹ́rà lọ sí ìgbèríko Kent láti ya àwòrán ẹyẹ. A kò sì tí ì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wa lọ́rùn pátápátá títí di òní.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí ìgbà òtútù ilẹ̀ náà ti rí, fún àwọn olùkàwé wa tí kò tí ì dé ibẹ̀. Ní London, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ a máa lù kí oòrùn tó yọ, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà kò pé wákàtí 8. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ kan náà, ó ju wákàtí 11 àbọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ igi ti wọ́wé tán. Kòkòrò ti kú, tàbí wọ́n ti sá pamọ́ sínú èèpo igi. Ilẹ̀ a sì máa le bí òkúta nítorí pé omi inú rẹ̀ ti dì. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní robin, tí gbogbo ara rẹ̀ kò wúwo ju bíi gíráàmù 20 lọ, yóò ti wá oúnjẹ tí yóò gbé e la òru wákàtí 16 já. Wren kéré jù ú lọ, ó tó bíi gíráàmù 10. Goldcrest kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ọ̀rá tí ẹyẹ bá jẹ sára ní ọ̀sán ni igi ìdáná rẹ̀ ní òru. Bí òru bá gùn ju igi ìdáná náà lọ, ilẹ̀ a mọ́ bá òkú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn wren fi máa ń kó ara wọn jọ sínú ihò kan, kí ooru ara ọ̀kan lè ran èkejì lọ́wọ́. Ní Norfolk, ní ọdún 1969, a ka 61 nínú àpótí ìtẹ́ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pé nígbà òtútù líle tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 1962, tí ó sì wọ ọdún 1963 lọ, àwọn wren kú lọ bí eéṣú.

Àkókò yìí gan-an ni ó rọrùn jù láti ya àwòrán ẹyẹ. Kò sí ewé tí yóò bò ó. Òjò dídì tí ó wà nílẹ̀ a máa tan ìmọ́lẹ̀ sí abẹ́ ikùn rẹ̀, ibi tí òjìji máa ń wà ní ìgbà mìíràn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹyẹ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn dé ogún ìṣísẹ̀ sí i nígbà ooru yóò wọ inú ọgbà ẹ̀yìn ilé wá, yóò sì jẹ́ kí a dé ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Àwọn ayàwòrán a máa yìn ín pé ó gbójú. Kò gbójú rárá, ebi ni.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yára dá ayàwòrán lẹ́bi. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹyẹ dáadáa ní ayé àtijọ́, ìbọn ni ó máa ń gbé. Wọn a pa á, wọn a fi òwú kún inú rẹ̀, wọn a gbé e sínú àpótí onígíláàsì. Àwọn ẹlòmíràn a sì máa kó ẹyin rẹ̀ jọ bí ẹni kó owó ẹyọ. Àwọn ọmọ ìyá méjì láti Yorkshire, Richard àti Cherry Kearton, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní ọdún 1892 ni Cherry ya àwòrán ìtẹ́ ẹyẹ kan pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1895 wọ́n gbé ìwé kan jáde lórí ìtẹ́ àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kún fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi awọ màlúù ṣe ère màlúù, ọ̀kan nínú wọn a sì wọ inú rẹ̀ lọ, a dúró pẹ̀lú kámẹ́rà, kí ẹyẹ má baà fura. Ìyà náà pọ̀. Ní ọdún 1937, òwìwí kan ní Wales fi èékánná fọ́ Eric Hosking lójú òsì, ojú náà sì lọ; nígbà tí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ òwìwí náà ni ó padà lọ pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. A kò lè ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí a má yin ọkùnrin náà.

Síbẹ̀, níbi ìyà yìí ni ìdẹkùn wà. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ayàwòrán tí ó ti dúró nínú òtútù fún wákàtí mẹ́ta, tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú tipiri, a máa rò pé ẹyẹ ni ó jẹ òun ní gbèsè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwa gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, òjò dídì ti bọ́ ní òru. Lẹ́bàá ọ̀nà oko kan, a rí igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní hawthorn, tí èso pupa ṣì kù díẹ̀ lórí rẹ̀, ẹyẹ redwing kan sì wà níbẹ̀. Redwing tí a ń rí níbẹ̀ nígbà òtútù, àlejò ni: láti Norway, Sweden, Finland àti Iceland ni wọ́n ti ń wá, tí wọ́n ń fò kọjá òkun ní òru, nítorí pé òtútù ilé tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilà funfun kan wà lókè ojú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti abẹ́ apá rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. A sún mọ́ ọn, ó fò. A dúró, ó padà. A tún sún mọ́ ọn. Ó tún fò. Ìgbà mẹ́fà ni a ṣe bẹ́ẹ̀, láti bí agogo méjì títí ìmọ́lẹ̀ fi ń tán lọ. Ní ìgbà kẹfà a rí i yà: èso kan ní ẹnu rẹ̀, òjò dídì díẹ̀ ní orí rẹ̀, ó sì kọjú sí wa gan-an. Àwòrán náà dára. A kò ní ṣe ìrẹ̀lẹ̀ èké nípa rẹ̀. Ayọ̀ mú ọ̀rẹ́ wa pariwo, redwing náà fò kọjá pápá lọ, kò sì padà mọ́ lójú wa.

Ní alẹ́, a fi àwòrán náà han ìyá ọ̀rẹ́ wa, tí ó wá kí i láti Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, “Ó mà rẹwà o. Ṣé ó padà wá jẹun nígbà tí ẹ kúrò níbẹ̀?”

Ọmọ wọn dáhùn pé, “A kò mọ̀, Màámi. Ilẹ̀ ti ṣú.”

Màmá kò sọ nǹkan kan sí i. Wọ́n bu ẹ̀bà àti ọbẹ̀ fún wa, a sì jẹ ẹ́.

A kò lè sọ pé ẹyẹ náà kú. Ó ṣeé ṣe kí ó rí igi mìíràn kí òkùnkùn tó dé. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ọjọ́ rẹ̀, ìdá mẹ́rin tí ó kẹ́yìn sì ni. Bí ẹnìkan bá wí pé àṣá pàápàá ń lé e, òótọ́ ni. Oúnjẹ ni àṣá ń wá. Àwa ti jẹun kí a tó jáde. Bí ẹlòmíràn bá sì wí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun lé ẹyẹ kan rí, a gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún mìíràn, ẹyẹ waxwing a máa wá láti àríwá sínú ìlú, wọn a bà sórí igi eléso lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtajà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì gbé kámẹ́rà pé jọ yí igi kan ká. Olúkúlùkù lé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹyẹ ni ó ń san àpapọ̀ rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ níhìn-ín. Òfin ọdún 1981 ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọn ẹyẹ kan tí ó ṣọ̀wọ́n lẹ́nu nídìí ìtẹ́ wọn. Redwing tí ó ń wá èso nínú òjò dídì kò sí nídìí ìtẹ́ kankan. Ọ̀rọ̀ náà di ti ẹ̀rí-ọkàn.

Ohun kan wà tí àwa kórìíra ju lílé lọ. Ní Dartington, ní Devon, olùkọ́ ilé-ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Lack fi òrùka aláwọ̀ sí ẹsẹ̀ àwọn robin kí ó lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ó sì tẹ ìwé jáde nípa ìgbé-ayé wọn ní ọdún 1943. Kí àwọn olùkọ́ tí ń kà wá kíyè sí i: ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìwé ni ó rí àyè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó fi hàn pé orin robin kì í ṣe eré. Ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń kéde, àti akọ àti abo sì ni ń ṣe é nígbà òtútù. Ìdì ìyẹ́ pupa lásán, bí a bá fi wáyà gbé e ró, tó láti mú kí robin dìde ogun. Nísinsìnyí, ohùn ẹyẹ wà nínú fóònù gbogbo ènìyàn. Ayàwòrán a tẹ̀ ẹ́, robin a fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, a wú àyà, a wá bá ọ̀tá tí kò sí jà, a sì ya á. Lack ń wá ìmọ̀ tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń tẹ fóònù yìí ń parọ́ fún ẹni tí ebi ń pa, kí ó lè rí ohun tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ní ṣáájú rẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Àwọn ará ilẹ̀ náà a máa gbé irúgbìn àti ọ̀rá sí ọgbà fún ẹyẹ, ayàwòrán a sì jókòó tì í. Ẹ̀bùn ni tàbí ìjẹ ẹnu tàkúté? Àwa rò pé ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ya àwòrán tán ni yóò sọ. A ti rí ẹni tí ó kó irúgbìn rẹ̀ padà sínú àpò. Àní ẹ̀bùn tòótọ́ pàápàá lè di ìpalára: láti ọdún 2005 ni àrùn kan tí ń tàn kálẹ̀ níbi tí ẹyẹ gbé ń jẹ pọ̀ ti pa greenfinch lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá lè fọ àwo kí ó má gbé e jáde.

Kí ọmọ ilé-ìwé tí ó fi rọ́bà ta ẹyẹ ní àná má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni a ń sọ. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní Staffordshire ní oṣù karùn-ún ọdún 1911, Natal ní gúúsù Áfíríkà ni a ti rí i ní oṣù kejìlá ọdún 1912. Ẹyẹ willow warbler, tí kò wúwo tó owó bàbà mẹ́ta, a máa kúrò nínú ọgbà wọn wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kí ó tó padà ní ìgbà ìrúwé, ó ní láti jẹ ọ̀rá tí yóò fi la aginjù Sàhárà kọjá, inú igbó àti oko wa sì ni ó ti ń wá a. Ìṣirò kan náà ni.

Ní ti àwa, ẹ̀yìn fèrèsé ilé ìdáná ni a ń jókòó sí báyìí ní ìgbà òtútù, a ń dúró de èyí tí ó bá wá. Àwòrán wa kò dára tó ti tẹ́lẹ̀: gíláàsì a máa sọ ọ́ di bàìbàì, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ó jẹ́ pé ìdí ẹyẹ nìkan ni a rí. Ọ̀rẹ́ wa ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà. A kò ya àwòrán redwing náà sọnù. Ó wà nínú àpótí ìwé wa, ọjọ́ tí a yà á sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Lábẹ́ ọjọ́ náà ni a kọ ọ́ sí pé ó fò ní ìgbà mẹ́fà.