Ta Ni Kì Í Ṣe Ọmọ Ọba?

Bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Ní agbègbè tiwa, láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, àtọmọdé àtàgbà ló ń wo ẹ̀yìn, a kì í sì í dúró kí a ṣubú kí a tó wò ó. Ó ṣòro kí Sátidé kan kọjá ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n tàbí ní Ìdóàní kí ènìyàn má rí pósítà òkú tàbí ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n kọ "Ọmọọba" sí iwájú orúkọ ẹnì kan. Àwọn mìíràn á kọ "Pírínsì". Bí àkókò ìdìbò bá dé, wọn a tún pọ̀ sí i. Ààfin Ọlọ́wọ̀ tóbi, àgbàlá inú rẹ̀ lé ní 100, síbẹ̀ mo máa ń rò ó pé bí gbogbo ọmọ ọba tí mo ti rí orúkọ wọn lára ògiri bá pé jọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, àyè kò ní gbà wọ́n, kò sì ní sí ẹni tí yóò ṣẹ́kù sọ́jà láti ta iṣu fún wọn.

N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí ẹnì kan bá tọpa ìtàn ìdílé rẹ̀ títí tó fi dé ààfin, tó wá sọ pé ọmọ ọba ni òun, kí ni ó ń sọ gan-an? Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni ó tọ́ kí ó gbà lọ́wọ́ àwa yòókù nítorí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, nítorí ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú. Òbí méjì ló bí mi. Àwọn tó bí wọn jẹ́ mẹ́rin, àwọn tó bí àwọn yẹn jẹ́ mẹ́jọ. Bí a bá ń ka baba tí a sì ń ka ìyá, ní ìran kẹwàá àwọn tó bí mi yóò ti di 1,024. Ní ogún ìran, wọ́n á di 1,048,576. Bí a bá fún ìran kọ̀ọ̀kan ní ọdún 25, nǹkan bí ọdún 500 sẹ́yìn nìyẹn, ó sì ti pẹ́ ṣáájú ìgbà náà tí àwọn Ọlọ́wọ̀ ti ń jọba, gẹ́gẹ́ bí ìtàn wa ti sọ. Ọ̀wọ̀ kò ní mílíọ̀nù kan ènìyàn nígbà náà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá-mẹ́wàá, nínú ìran mi àti nínú ìran aládùúgbò mi, nítorí pé agboolé kan ń fẹ́ ọmọ agboolé kejì. Àwọn ọba tó ní ìyàwó púpọ̀ tí wọ́n sì bí ọmọ púpọ̀ kò lè ṣàìwà láàárín wọn.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ó ti rí báyìí. Ní 1999, Joseph Chang, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Yale, gbé ìṣirò kan jáde tó fi hàn pé bí a bá padà sẹ́yìn tó, ẹnikẹ́ni tí àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ṣì wà láyé jẹ́ baba ńlá gbogbo ènìyàn pátá. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé kò sí ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù kan tí Charlemagne, ọba ńlá tó kú ní 814, kì í ṣe baba ńlá rẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ojú pópó ní Paris ní in, olówó ilé ìfowópamọ́ náà ní in.

Nítorí náà, ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá ti pẹ́ ní Ọ̀wọ̀, tó sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára òun, ó dájú lójú mi pé kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ẹrú wà lára rẹ̀, àti ti ìwọ̀fà, àti ti ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú nítorí pé ó jí ewúrẹ́. Ìṣirò tó fún un ní ọba náà ló fún un ní olè.

Àgbàlagbà kan á dáhùn pé ìyẹn kọ́ ni àwọn ń sọ. Ìhà baba ni wọ́n ń kà, ní ìlà tó tọ́, láti orí ọba kan tí ìlú mọ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti gbà bẹ́ẹ̀, a ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, a ti dé orí àdéhùn. Òfin Àwọn Olóyè tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1957 ló là á sílẹ̀ pé kí a kọ ọ́ sínú ìwé: àwọn ìdílé tó ń jọba ní ìlú kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, ẹni tí wọ́n lè fà kalẹ̀, àti àwọn afọbajẹ tí yóò yàn án. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé náà lè ní ẹ̀jẹ̀ ọba bí omi odò, kò lè dé ibi ìtẹ́. Kí òfin yẹn tó dé pàápàá, ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn la fi ń mọ̀ ọ́n. Ní 1903, nígbà tí àríyànjiyàn wà lórí bóyá Elépẹ̀ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé, Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní wá sí Èkó kí ó wá jẹ́rìí. Ọọ̀ni ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wò níbẹ̀.

Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ti rí ẹ̀kọ́ yìí fojú. Ọlátẹ̀rù Ọlágbègí Kejì gorí ìtẹ́ ní 1941. Ní 1968, ìjọba ológun rọ̀ ọ́ lóyè, Ògúnoyè Kejì sì jọba dípò rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ògúnoyè wàjà, wọ́n dá Ọlágbègí padà ní 1993, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní 1998. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọkùnrin yìí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé adé náà ló wà lára rẹ̀ ní gbogbo ọdún 25 tí kò fi sí lórí ìtẹ́. Ohun tó ń yí padà ni ohun tí àwọn ènìyàn gbà.

Bí ó bá jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn gbà ni, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè àwọn tí a yọ kúrò kí àkọsílẹ̀ wa lè gún. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ka àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà méje tó di orísun àwọn ọba ńlá. Ọlọ́wọ̀ kò sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ìtàn Ọ̀wọ̀ sọ pé ọmọ Odùduwà ni Ojúgbẹ̀lú Arẹrẹ, Ọlọ́wọ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo ìlú kan ni ìwé yìí fò dá. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ló yẹ kó mọ bí ó ṣe ń rí lára.

Ìdí nìyí tí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé bàbá mi fi ń dùn mí. Àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun dá owó jọ pé kí a kọ ìtàn ìdílé, kí a sì tẹ̀ ẹ́. Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ àtitẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá bàbá mi ni ó mọ orúkọ jù, nítorí òun ló ń kì wá láàárọ̀. Nígbà tó dé orí obìnrin kan tó jẹ́ ìyá ìyá bàbá rẹ̀, ó ní wọ́n fi obìnrin náà ṣe ìwọ̀fà fún agboolé wa nítorí gbèsè bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó wá rà á padà, ó sì bímọ síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà níjókòó ní kí n má kọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí a so baba ńlá wa kan, tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ọmọ Ọlọ́wọ̀ kan, mọ́ ààfin. Wọ́n ní bí a bá kọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà sínú ìwé, àwọn tí a jọ ń bá du ilẹ̀ yóò fi ṣe ẹ̀rí. Ìyá bàbá mi kò bá wọn jà. Ó kàn bi wọ́n léèrè pé, "Ta ló wá bí yín?"

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn bàbá yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán, mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kòkó bá ti le, mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọmọ ẹrú, tí gbogbo ilé sì dákẹ́. Gbólóhùn kan péré lè gba oko lọ́wọ́ ìdílé tó ti ń ro ó fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó ń sá fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á wá ọba tí yóò fi bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe: idà tí wọ́n fẹ́ fi ṣá a ni ó ń pọ́n. Nígbà tí a bá sọ pé ọmọ ọba ni wá, nítorí náà ilẹ̀ tọ́ sí wa, a ti gbà pé kò tọ́ sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọba. Ọ̀rọ̀ yóò sì dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí kò ní ẹbí lókè òkun.

Àsà wa gan-an kò fi gbogbo ìgbà ka ìhà baba nìkan. Ayẹyẹ tó tóbi jù ní Ọ̀wọ̀ ni Igógo, tí a ń ṣe fún ọjọ́ 17 ní oṣù Kẹsàn-án. Nítorí ta ni? Nítorí Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, obìnrin tí ìtàn sọ pé kì í ṣe ènìyàn bí àwa. Wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níbi tó wà, wọn kò gbọdọ̀ ju igi ìdáná sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ da èèwọ̀ náà, ó sì lọ. Títí di òní, bí Igógo bá dé, a kì í lu ìlù, agogo la ń lù, a kì í dé fìlà, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á sì di irun, á wọ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ bí obìnrin. Bí a bá lo òfin tí àwọn bàbá mi fẹ́ fi kọ ìwé wọn, Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n kò ní sí níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ka ìlà baba rẹ̀ fún wa.

Ìyá mi ní tirẹ̀, ọmọ Ìdóàní ni, ní Ọ̀sẹ́. Níbẹ̀, àdúgbò kan wà tí èdè wọn, Ìyáyù, sún mọ́ Ẹdó ju Yorùbá lọ. Inú ìlú kan ṣoṣo nìyẹn o. Ta ni yóò wá fa ìlà kan ṣoṣo láti Ìdóàní dé Ilé-Ifẹ̀, tí yóò sì sọ pé òun kò fo ẹnikẹ́ni?

Olùkọ́ wa kan, nígbà tí mo sọ èyí fún un, ní mo ń yára jù. Ó ní kí n rántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sọ fún pé wọn kò wá láti ibì kankan. Ó ní bí irú wọn bá sọ pé ọmọ ọba ni àwọn, ìwòsàn ni. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mo sì rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ronú lórí Ọ̀yọ́túnjí, ìlú kékeré tí Adéfúnmi Kìíní dá sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970. Detroit ni wọ́n ti bí ọkùnrin yìí, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ni King, tó túmọ̀ sí ọba. Ní 1981, Ọọ̀ni Ṣíjúwadé fi oyè dá a lọ́lá ní Ilé-Ifẹ̀. Ìlú tó tẹ̀ dó, òrìṣà tó ń bọ, àwọn ènìyàn tó kó jọ, ni wọ́n wò. Kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìran rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹrú tí àwọn baba rẹ̀ ṣe ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Mo sì sọ fún olùkọ́ wa pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ìwé tiwa nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ pé mo jàre.

Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan fún wa nípa orúkọ ìlú yìí, pé ìwà pẹ̀lẹ́ Ojúgbẹ̀lú ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi ń pè é ní ọlọ́wọ̀, ẹni tó mọ̀wọ̀. Ìtàn Ọ̀wọ̀ kan náà sì gbà pé ó bá àwọn ènìyàn lórí ilẹ̀. Àwọn yẹn kò bèèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n wo bí ó ṣe kí wọn.

Mo ti tẹ ìwé ìdílé wa tán. Orúkọ obìnrin ìwọ̀fà náà wà ní ojú ìwé kẹta, bí ìyá bàbá mi ti pè é gan-an. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ so wá mọ́ ààfin, mo kọ síbẹ̀ pé orúkọ ló jọra. Mo sọ fún bàbá mi kí n tó gbé e fún un. Ó kà á, ó dákẹ́, ó ní òun yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ó ti tó oṣù méjì báyìí. Ìyá bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti ní kí n wá ka ojú ìwé kẹta yẹn sí òun létí kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.