Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ilé face-me-I-face-you ni, ní Mushin. Yàrá mẹ́wàá ni wọ́n kọ́ látilẹ̀: márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, kọ́rídọ̀ láàárín, ilẹ̀kùn kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, yàrá ti di méjìlá. Bàbá onílé ti sọ ilé ìdáná di yàrá, ó sì ti fi pákó pín yàrá tó fẹ̀ jù sí méjì. Kálukú wá ń dáná lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, sítóòfù tò lọ rẹrẹ nínú kọ́rídọ̀. Àwa tí à ń sùn níbẹ̀ lóru kò dín ní 45. Ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo la ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Láàárọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tò síbẹ̀ dípò àwọn tó ni ín. Bí o bá sún ti ẹlòmíràn sẹ́yìn, ìjà dé nìyẹn.

Bàbá onílé kì í gbé ọ̀dọ̀ wa. Ìkòròdú ló wà, a kì í rí i àfi tí owó ilé bá pé. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó pe ìpàdé, ó sì ra mínírà fún gbogbo wa. Ó yẹ kí a ti fura láti orí mínírà yẹn.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjà ti wọ́n. Ó yẹ kí n fowó kún owó ilé yín, àmọ́ mi ò fẹ́ ni yín lára. Ẹ jẹ́ kí n mọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn pa, kí n fi ìdí kọ́rídọ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ kún un fún ọdún méjì.”

A wo ara wa. Kí la tilẹ̀ ń fi ilẹ̀kùn yẹn ṣe? Kẹ́ẹ̀gì omi la máa ń tò síbẹ̀. Màmá tó ń gbé yàrá ìkẹyìn nìkan ló fọhùn. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní, “Bàbá, ibo lèmi ó máa gbé ìkòkò mi gbà?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni akọ̀wé ayálégbé, èmi ni mo sì dá wọn lóhùn: “Màmá, ẹ ó máa gba iwájú bíi tiwa.” Mo kọ ìwé, gbogbo wa buwọ́ lù ú. Màmá tẹ̀ka.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ògiri fi dúró. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù náà ń ta ike.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, iná NEPA ò sí. Ọmọkùnrin tó wà ní yàrá kejì ń da bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tó gbé sẹ́nu ọ̀nà iwájú, kí olè má baà jí i. Kò pa á kó tó da epo sí i. Iná sọ, ó ran kọ́tìnnì, ó ran sítóòfù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mi ò lè sọ pé báyìí báyìí ló ṣe ń lọ mọ́, nítorí èéfín ti bo ojú.

Àwọn tó wà níwájú bọ́ síta. Àwa tó kù sá sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kì í gbàgbé ọ̀nà tó bá ti mọ̀. Ogún ènìyàn ó lé rọ́ lu ògiri tí àwa fúnra wa buwọ́ lù. Wọn ò rẹ́ ẹ. Mo ṣì rántí bí ẹnu búlọ́ọ̀kù yẹn ṣe ń họ àtẹ́lẹwọ́ mi, tó sì tutù bí ẹni pé kò sí iná níbì kankan. Fèrèsé ńkọ́? Irin ló wà lójú gbogbo wọn.

Ahun bàbá onílé ló gbà wá. Sìmẹ́ǹtì inú búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò tó nǹkan. Wẹ́dà kan lójúlé kejì gbọ́ igbe wa, ó já àgádágodo ṣọ́ọ̀bù, ó fi òòlù lu ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré, ó sì rún wómúwómú. Àwọn ọmọdé la kọ́kọ́ tì gba inú ihò náà. Ká ní ó kọ́ ògiri yẹn bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ ògiri ni, mi ò ní sí láyé kọ èyí.

Màmá ẹlẹ́kọ kò sí lára àwọn tó rá kọjá. Yàrá wọn ló sún mọ́ ihò náà jù, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n iwájú ni wọ́n gbà, bí mo ṣe ní kí wọ́n máa ṣe. Àárín kọ́rídọ̀ ni wọ́n ti bá wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà ṣàlàyé fún mi pé òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ti sọ ojúṣe onílé: òun ni kó máa tún ìta ilé àti ibi tí ayálégbé jọ ń lò ṣe, kò sì gbọdọ̀ dí wọn lọ́wọ́ láti lo ohun tó jẹ́ àjùmọ̀lò. Òfin kan náà ní kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Owó ọdún méjì ni mo san kí n tó wọlé, yàtọ̀ sí ti agent àti àgírímẹ́ǹtì, mo sì tún dúpẹ́. Mo bi lọ́yà bóyá ìwé tí a buwọ́ lù lè gba bàbá onílé sílẹ̀. Ó ní, “Ta ló kọ ìwé náà?”

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi tó wà ní London, ó ní kí n má rò pé Mushin nìkan ni. Ní Shadwell, ní oṣù kẹta ọdún 2023, bátìrì kẹ̀kẹ́ gbiná nínú fúláàtì oníyàrá méjì kan. Èèyàn mẹ́ta ni ìwé àṣẹ fọwọ́ sí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò dín ní 18. Ọkùnrin kan kú. Àwọn onílé dé kóòtù, wọ́n sì gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Àwọn ọlọ́pàá pe bàbá tiwa náà. Ó mú ìwé wa dání lọ sí àgọ́ wọn, ó ti ká a sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á.

Mo gba àdúgbò yẹn kọjá lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti tún ilé náà kùn. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló wà lẹ́yìn báyìí.