Àṣàrò Òwúrọ̀: Irun Tó Le Náà Wọ Inú Àgọ́

Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ẹ́kísódù 35, ẹsẹ 25 àti 26. Ẹsẹ méjì péré ni. Ẹ kà á ná, kí ẹ tó padà síbí.

Ṣé ẹ ti kà á? Ẹ rí àwọn obìnrin tó fi ọwọ́ ara wọn rànwú fún àgọ́ Olúwa. Àwọn kan ran òwú aláró, elésè àlùkò àti òdòdó. Àwọn mìíràn, irun ewúrẹ́ ni wọ́n ràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ka ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, Besaleli àti Oholiabu, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà, la máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sẹ́ni tó bi wá nípa àwọn obìnrin wọ̀nyí. Màmá kan nínú ìjọ wa ló jẹ́ kí n padà síbẹ̀, ẹjọ́ tí mo jẹ̀bi rẹ̀ ni mo sì fẹ́ rò fún yín láàárọ̀ yìí.

Àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń sìn báyìí. Màmá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, aládùúgbò rẹ̀ kan tó jẹ́ òyìnbó ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi irun àgùntàn rànwú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àgùntàn tiwa kì í ní irú irun bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ kúrú bíi ti ewúrẹ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òwú inú oko ni àwọn ìyá wa àgbà ń ràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni: ìrànwú ń yí, òwú ń gùn sí i, ọwọ́ ń ṣọ́ ọ kó má já. Tí Màmá bá ràn án tán, yóò fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun ún di ọmọlángidi kéékèèké tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: olùṣọ́ àgùntàn, Màríà, Jósẹ́fù, ọmọ ọwọ́, àgùntàn mẹ́ta. Ó ń pín wọn fún àwọn ọmọ wa nígbà Kérésìmesì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, mo rí wọn lórí tábìlì lẹ́yìn ìsìn. Inú bí mi. Mo sọ níṣojú gbogbo èèyàn pé ká má kó ère wọ ilé Olúwa, pé bí èṣù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá ò bá mi jiyàn. Ó kó wọn sínú báàgì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ajíhìnrere," ó sì lọ sílé.

Èmi rò pé mo ti ṣiṣẹ́ Olúwa. Nígbà tó di Ọjọ́rú, arábìnrin kan pè mí. Nítorí ọ̀rọ̀ mi, ó ti gba ọmọlángidi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ti jù ú nù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bàbá ọmọ náà wà ní ilé ìwòsàn, olùṣọ́ àgùntàn kékeré tí Màmá fún un ló sì ń dì mú sùn, torí ó gbà pé òun ló ń bá wọn ṣọ́ Dádì. Ó ti sunkún lóru mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ò bínú o, ìbéèrè ló ní. "Ajíhìnrere, ṣé ère ni lóòótọ́? Ọmọ mi ò bọ ọ́. Ó kàn ń dì í mú ni."

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo padà sí Ẹ́kísódù 20, mo rí i pé mo ti gé òfin náà sí méjì, mo mú ìdajì. Ẹsẹ 5 ló sọ ohun tí Olúwa ń bínú sí: kéèyàn forí balẹ̀ fún un, kó sì máa sìn ín. Mo tún ka orí 28, ẹsẹ 33. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi òwú ṣe èso pomegranate sí etí ìsàlẹ̀ aṣọ Áárónì, kí agogo wúrà wà láàárín wọn. Ohun kéékèèké tí wọ́n fi òwú ṣe, tó jọ èso, ń bá àlùfáà wọ Ibi Mímọ́! Ibo ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní ibẹ̀?

Mo gba ilé Màmá lọ, mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n dìde, kí n wá bá òun fọ irun. Bẹ́ẹ̀ ni o, irun àgùntàn. Ó bu omi gbígbóná sínú bàsíà, ó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i nítorí ọ̀rá ara irun náà, ó ní kí n kàn tẹ̀ ẹ́ rì, kí n sì fi í sílẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ iṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi lẹ̀ mọ́ra wọn gbagidi bí ẹní. Kò ṣeé ràn mọ́. Màmá wò ó, ó wò mí. "Kì í ṣe omi nìkan ló bà á jẹ́, ọwọ́ yín ló yá jù." Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ irun nìkan nìyẹn.

Ó wá ní kí n ki ọwọ́ bọ inú àwọn àpò rẹ̀. Irun Shetland rọ̀. Àwọn obìnrin erékùṣù náà a máa fi ran òwú tó tínrín débi pé odindi ìborùn tí wọ́n bá fi hun á gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá. Òun ni Màmá fi ń hun ọ̀já tó fi ń wé ọmọ ọwọ́. Irun Wensleydale gùn, ó ká, ó ń dán, òun ló ń di irùngbọ̀n olùṣọ́ àgùntàn. Ọ̀kan tún wà tó ní àmì dúdú lára funfun, tí òmíràn nínú wọn ń ní ìwo mẹ́rin. Jacob ni òyìnbó ń pè é, nítorí ìtàn Jékọ́bù àti àwọn ẹran alámì inú Jẹ́nẹ́sísì 30. Ẹ ò rí nǹkan!

Nínú àpò tó kẹ́yìn, kíá ni mo fa ọwọ́ mi yọ. Irun náà le, ó ń gún ni. Herdwick ni, àgùntàn àwọn òkè Cumbria. Dúdú ni wọ́n ń bí i, bó ṣe ń dàgbà ni irun rẹ̀ ń dà bí eérú. Orí òkè ló ń gbé, nínú òjò àti yìnyín. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ò lè ràn án títí á fi rọ̀ bíi ti Shetland ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo ràn án di ọ̀la, Herdwick ni. Tí mo bá fipá fà á tínrín, á já. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi í ṣe kápẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ilé ń tẹ̀. Agbádá olùṣọ́ àgùntàn ni èmi ń fi í hun. Ta ló máa wọ ọ̀já ọmọ ọwọ́ lọ sórí òkè lóru?"

Ibẹ̀ ni irun ewúrẹ́ ti sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ka orí 26, ẹsẹ 7: aṣọ títa mọ́kànlá ni wọ́n fi í ṣe, òun ló sì bo aṣọ ọ̀gbọ̀ olówó iyebíye tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo ẹsẹ 26 tí a kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tó ran irun ewúrẹ́ gan-an ni Bíbélì sọ pé ọkàn wọn ru sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nínú bọ́ọ̀sì, tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, kí ló wà lọ́wọ́ yín tí ẹnì kan bíi tèmi sọ pé kò wúlò? Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni, àbí oúnjẹ tí ẹ ń gbé lọ fún aláìsàn? Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń di gbohùngbohùn mú bíi tèmi, ẹ rántí orúkọ ẹni tí ẹ pa lẹ́nu mọ́, kí ẹ pè é lónìí.

Mo tọrọ àforíjì lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nídìí tábìlì yẹn kan náà. Mo ṣì sọ fún Màmá pé mi ò ní fẹ́ ká gbé ọmọlángidi sórí pẹpẹ. Ó ní, "Ta ló gbé e síbẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Ó ti hun olùṣọ́ àgùntàn mìíràn fún ọmọ náà, tòun ti agbádá Herdwick. Bàbá rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dárúkọ ìdílé náà níwájú Olúwa kí ẹ tó jáde.

Baba, wo ọkùnrin náà sàn, kó padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Dárí ọ̀rọ̀ ẹnu mi jì mí. Fi agbára sí ọwọ́ àwọn ìyá wa tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú ò tó. Ní orúkọ Jésù. Àmín.