Ta Ni Ó Ni Ẹja Inú Òkun?

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí eré lójú ẹni tí kò ronú: ta ni ó ni ẹja tí ń bẹ nínú òkun? Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé kan ní Ọ̀dà tàbí ní Àkúrẹ́ ní ìbéèrè yìí, kíá ni yóò dáhùn pé Ọlọ́run ni ó ni ín, tàbí pé ẹni tí ó bá pa á ni ó ni ín. Òótọ́ wà nínú ìdáhùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé èkejì dé òpin, a óò rí i pé ó lè sọ odidi ìlú di aláìní láìjẹ́ pé a rí ẹnì kan tí a lè pè ní olè.

Àwa tí a ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ mọ ohun tí ẹ̀tọ́ jẹ́. Ní Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́, àti títí dé ìlú Oǹdó, níbi tí kòkó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí ó sì ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ìwé, kò sí àjèjì tí ó jẹ́ gbé àdá wọ inú igbó kan kí ó máa gbin nǹkan láìbèèrè. Yóò kọ́kọ́ tọ àwọn ẹbí tí ó ni ilẹ̀ lọ. Wọn yóò fi ààlà hàn án. Yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ ní ọdọọdún. Bí àgbẹ̀ bá tilẹ̀ di igi ìdáná sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí ó fi àkísà tàbí ìkarawun ìgbín pa ààlè sí i, ẹni tí ń kọjá mọ̀ pé igi náà ní olówó. Ààlè kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi lé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí-ọkàn àwọn tí ń kọjá ni ó ń bá olówó ṣọ́ igi rẹ̀.

Omi kò gba ààlè, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe ilẹ̀ kòkó nìkan. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ láti Àkúrẹ́, tí a gba ìlú Oǹdó àti Orè kọjá lọ sí Òkìtìpupa, a óò dé Igbókọ̀dá, ìlú ọjà ẹja, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pin tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi sì bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ ni àwọn Ìlàjẹ ń gbé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ilé lórí òpó nínú omi, títí dé Ayétòrò, Ugbonla àti Awoye ní etí òkun gan-an. Ayétòrò yìí ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí wọ́n sì fi gbogbo ohun ìní wọn ṣe ti àjọni fún ọ̀pọ̀ ọdún: wọ́n ń jùmọ̀ pẹja, wọ́n ń jùmọ̀ kan ọkọ̀, àpò owó wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Mo mẹ́nu kan èyí kí òǹkàwé má baà rò pé àwọn ará omi kò tíì ronú nípa bí a ṣe ń pín nǹkan kí a tó wá kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ wọn. Apẹja a máa gbé àwọ̀n rẹ̀ lọ sójú òkun ní ìrọ̀lẹ́, a nà án sínú omi, a fi ohun tí ń léfòó sàmì sí i, a sì padà wá wò ó bí ilẹ̀ bá mọ́. Ọkọ̀ onígi ni ó ń gbé e, àjẹ̀ ni ó fi ń wà á, tàbí ẹ́ńjìnnì kékeré tí ó ń mu epo. Ẹja tí ó bá mú dé èbúté kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Àwọn obìnrin ni yóò rà á tàbí tí yóò gbà á, tí wọn yóò yan án lórí ààrò, tí wọn yóò kó o sínú agbọ̀n lọ sí ọjà. Nígbà púpọ̀ owó àwọn obìnrin yìí kan náà ni apẹja fi ra àwọ̀n àti epo. Nítorí náà nígbà tí àwọ̀n kan bá sọnù, kì í ṣe àwọ̀n nìkan ni ó sọnù. Gbèsè ọkọ, òwò ìyàwó àti owó ilé-ìwé ọmọ ni ó bá a rì.

Báwo ni àwọ̀n ṣe ń sọnù? Ọkọ̀ ńlá kan wà tí ó ń wọ́ àwọ̀n fífẹ̀ nísàlẹ̀ òkun bí ẹni ń gbálẹ̀. Àwọn apẹja ń pè é ní tírọ́là. Ibi tí ó bá gbà, ó ń kó ohun gbogbo tí ó bá pàdé: edé tí ó ń wá, ẹja tí kò wá, ọmọ ẹja tí kò tíì dàgbà, àti àwọ̀n tí ẹlòmíràn ti nà sílẹ̀ láti àṣálẹ́. Ohun tí kò ní owó lórí ni wọn yóò dà padà sínú omi, nígbà tí ó ti kú. Ìjọba mọ èyí, ó sì ṣe òfin sí i. Òfin Ẹja Òkun ti ọdún 1992 ní Nàìjíríà kò fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àyè láti pẹja nínú máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etíkun, èyí tí ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 9. A fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré. Síbẹ̀, láti ọdún yìí wá, igbe àwọn apẹja etíkun ni pé àwọn tírọ́là ń wọlé, àgàgà ní òru.

Àwọn kan yóò sọ pé, èé ṣe tí a fi ní láti pààlà rárá? Ṣé àwọn baba wa kò wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kan ara? Kí olúkúlùkù lọ pa èyí tí agbára rẹ̀ gbà. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Èwo ni ìrẹ́jẹ nínú rẹ̀? Mo gbà pé èyí ni ó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí a lè sọ lòdì sí àwọn apẹja kékeré, nítorí ó wọ aṣọ òdodo. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ kì í jẹ ojú ọ̀run tán. Bí a bá ṣí ìlẹ̀kùn àká kan sílẹ̀, tí a ní kí gbogbo ará ìlú wá gbé àgbàdo, tí ẹnì kan gbé igbá wá tí ẹnì kejì sì wa ọkọ̀ akẹ́rù wá, ìlẹ̀kùn tí ó ṣí náà kò tíì sọ wọ́n di ọgbọọgba. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, lẹ́yìn tí ọlọ́kọ̀ akẹ́rù bá lọ, kí ni ó kù fún ẹni tí ó gbé igbá wá?

Ọ̀rọ̀ yìí ti dàgbà láyé. Ní ọdún 1609, Hugo Grotius, amòfin ará ilẹ̀ Hóláńdì, kọ ìwé kan láti fi hàn pé òkun kò ní olówó. Ìrìn-àjò àti òwò ni ó jẹ ẹ́ lógún. Òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé a lè sọ, lọ́nà kan, pé ẹja lè tán. Ọkọ̀ tí ó kọjá lórí omi kò dín omi kù fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó ẹja lọ ti kó o lọ. Ní ọdún 1613, William Welwod, ará Scotland, dá a lóhùn pé àwọn ọkọ̀ apẹja Hóláńdì ń sọ ẹja di ọ̀wọ́n fún àwọn onílé ní etíkun tirẹ̀. Ẹjọ́ onílé àti àlejò ni, kò sì tíì parí.

Ìwọ wo ohun tí Iceland ṣe. Erékùṣù kékeré ni, ẹja sì ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Ní ọdún 1958 ó ní kí àwọn ọkọ̀ apẹja àjèjì má ṣe wọ inú máìlì 12 láti etíkun òun. Ní 1972 ó sọ ọ́ di 50. Ní 1975 ó sọ ọ́ di 200. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bínú, wọ́n rán ọkọ̀ ogun lọ láti dáàbò bo àwọn apẹja wọn, ṣùgbọ́n ní 1976 wọ́n gbà. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1978, ó sì sọ pé ẹja inú máìlì 200 láti etíkun òun, tòun ni. Kí ni ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí fi lè sọ bẹ́ẹ̀? Wọn kò gbin ẹja kankan. Ohun tí wọ́n wí ni pé, àwa ni a súnmọ́ ọn, òun ni a fi ń jẹun, bí àwọn alágbára láti ọ̀nà jíjìn bá sì kó o tán, wọn yóò wa ọkọ̀ wọn lọ sí ibòmíràn, àwa yóò sì jókòó ti omi òfìfo. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá tọ́ ní ẹnu Nàìjíríà nígbà tí ó ń bá àwọn alágbára ayé sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ tọ́ ní ẹnu ará Awoye nígbà tí ó ń bá Nàìjíríà sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fi ìdí kan gba ẹ̀tọ́ kò lè wá sọ pé ìdí náà ti di asán nígbà tí ẹni tí ó kéré sí i bá dì í mú.

Ní ọdún 1978 yìí kan náà ni Òfin Ilẹ̀ jáde, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà. Síbẹ̀ òfin náà sọ pé bí ìjọba bá gba oko àgbẹ̀, yóò san owó ohun ọ̀gbìn àti ilé tí ó wà lórí rẹ̀. Apẹja ńkọ́? Kò ní igi kòkó tí a lè kà. Ohun tí ó ní ni ìmọ̀: ó mọ ìgbà tí ẹja ń wọ́ wá sí ẹnu odò, ó mọ ibi tí ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, ó mọ àwọ̀ omi àti ìrìn afẹ́fẹ́, gbogbo èyí tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Àwọn tí ń ka dúkìá kò mọ bí a ti ń ka irú èyí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn láti àwọn ìletò Ìlàjẹ tí wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí Parabe, ibi tí ilé-iṣẹ́ Chevron ti ń wa epo lójú òkun. Wọ́n ní àwọn ọ̀nà omi tí a gbẹ́ ti jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú omi dídùn, pé ẹja ń tán, pé ilẹ̀ ń wó. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà àwọn ológun dé, ìbọn dún, ènìyàn méjì sì kú. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ ní San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2008 sì ni àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ó gbọ́ ọ dá ilé-iṣẹ́ náà láre. N kò fẹ́ tún ẹjọ́ náà dá níhìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọ́ka sí: ẹjọ́ ìbọn ni wọ́n gbọ́. Ẹjọ́ ẹja, èyí tí ó gbé àwọn ènìyàn náà kúrò nílé, kò sí níwájú wọn.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹjọ́ ẹja gan-an ni àwọn apẹja gbé lọ sí kóòtù. Òfin ọdún 1998 níbẹ̀ pín ẹ̀tọ́ àti pẹja fún àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn tí ó lè kọ ìwé ìbéèrè, ó sì gbàgbé àwọn tí ìran wọn ti ń pẹja. Ní ọdún 2007 ilé-ẹjọ́ ní kí ìjọba ṣe ètò fún wọn, nígbà tí ó sì di 2012 ètò náà jáde, tí ó fi ẹ̀tọ́ sí ọwọ́ àwùjọ kọ̀ọ̀kan lápapọ̀. Ètò náà ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí wọ́n ní kò ṣeé kà ṣeé mọ̀ lẹ́tọ̀ọ́.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ọkọ̀ ńlá ni ó ń mú owó wọlé láti òkè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni, edé ń lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ jùlọ nínú ẹja tí a ń pa nínú omi Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn apẹja kékeré ni ó ti ń wá, inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ni ó sì ń lọ.

Kí a má ṣe rò pé mo sọ àwọn apẹja di áńgẹ́lì. Àwọn kan nínú wọn ń lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ẹja kò lè bọ́. Àwọn kan a sì máa da oògùn sínú odò. Ẹni tí ó bá ń bèèrè pé kí a fi máìlì 5 sílẹ̀ fún òun ní láti gbà pé a óò yẹ ojú àwọ̀n òun wò. Ọ̀rọ̀ tí ó nira ju èyí wà. Àwọn Ìlàjẹ fúnra wọn jẹ́ arìnrìn-àjò lórí omi. A rí wọn ní Mákòkó ní Èkó, a rí wọn títí dé etíkun Kamẹrúùnù. Bí ó bá jẹ́ pé ìbí nìkan ni ó ń fúnni ní ẹ̀tọ́, àlejò ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ Àrogbò ní 1998 sí 1999, tí ilé jó tí ẹ̀mí sì ṣòfò, fi hàn wá ibi tí ‘tiwa ni, kì í ṣe tiyín’ lè gbé ènìyàn dé. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó wa ọkọ̀ kékeré wá, tí ó kí onílé, tí ó sì ń jẹ nínú ohun tí onílé ń jẹ, àti ẹni tí ó wá gbá ìsàlẹ̀ òkun lóru tí kò sì ní sùn níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, àwọn àgbà èbúté méjèèjì lè jókòó sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀.

Ti èkejì, òfin nìkan ni ó kù. Òfin ni ààlè orí omi, ààlè náà sì wà níbẹ̀ láti ọdún 1992. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀pá tí a rì mọ́ omi láti fi ibi tí máìlì karùn-ún gbé parí hàn, ọkọ̀ ìṣọ́ ìjọba kì í sì í sí nítòsí ní òru. Nígbà tí apẹja bá rí iná tírọ́là tí ń bọ̀ lọ́kàn-án-kán ibi tí ó na àwọ̀n rẹ̀ sí, iná tọ́ọ̀ṣì ni ó ń fì lókè nínú ọkọ̀ onígi, bóyá ẹni tí ó wà lórí ọkọ̀ ńlá náà yóò rí i, tí yóò sì yà.