Ẹ Kọ́kọ́ Da Omi Sí I

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
Kíkà: Gálátíà 6:1-5

A kú ọyẹ́, a kú eruku.

Ẹni tó bá gbé mọ́tò síta mọ́jú ní Ọ̀fà lásìkò yìí mọ ohun tí ojú ń rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, eruku ti bò ó. Apá kan jẹ́ ti ilẹ̀ pupa tiwa níbí, apá kan sì ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó mú àkísà gbígbẹ, a ó fi nù ún wàràwàrà, ó di ibi iṣẹ́. Mọ́tò á dán lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó nínú oòrùn ọ̀sán: ẹ ó rí ilà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Ọwọ́ wa ló fa ilà yẹn. Iyanrìn wà nínú eruku, a sì fi àkísà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dà.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n fọ̀ kì í fọwọ́ kàn án kí omi tó kàn án. Wọ́n á gbé e sábẹ́ ibòji, wọ́n á da omi sí i láti òkè wá sílẹ̀ kí iyanrìn lè ṣàn lọ. Korobá méjì ni wọ́n ń lò: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì láti fi ṣan fóòmù kó tó padà sínú ọṣẹ. Wọn kì í lo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, torí ó ń bó wáàsì dànù. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ ilé.)

Bí ilà bá ti wà ńkọ́? Rubbing compound wà. Ṣùgbọ́n kì í dí ilà o, ṣe ló ń ha ọ̀dà àyíká rẹ̀ kúrò títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba. Ìpele dídán tó wà lókè yẹn kò sì nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Ẹni tó bá ń ha á lóṣooṣù á ha á kan ọ̀dà abẹ́.

Pọ́ọ̀lù ń sọ fún àwọn ará Gálátíà bí wọn yóò ṣe ṣe ẹni tó ṣubú. Ó ní kí wọ́n mú un padà bọ̀ sípò, pẹ̀lú ìwà tútù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀ ni Mátíù 4:21 lò fún àwọn ọmọ Sébédè tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Iṣẹ́ sùúrù ni. Àwa ará Ọ̀fà, ayé mọ̀ wá mọ́ ìjàkadì; a mọ bí a ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Gbígbé e dìde ló ń ṣòro fún wa.

Ọmọbìnrin kan lóyún nílé bàbá rẹ̀, a pè é síwájú ìjọ, a fi ọ̀rọ̀ nù ún ní gbígbẹ. Ó yá, kò wá mọ́. Ìyá rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó bí ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ báyìí, ilà tí ẹnu wa fà ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ò sọ pé ká fi wáàsì bo ìdọ̀tí o. Ẹ fi èékánná wọ́ ojú ilà: bó bá há sí i, ó ti jìn ju pólíìṣì lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò ló kàn. Ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀, ẹni tó kó owó ìjọ, ọ̀rọ̀ wọn kọjá àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan. Àwọn àgbà ìjọ gbọ́dọ̀ gbọ́, nígbà mìíràn ọlọ́pàá náà.

Wáàsì ló kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n ń pè ní carnauba, ara ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil ni wọ́n ti ń rí i. Igi náà fi ń dáàbò bo ewé rẹ̀ kí ó má baà gbẹ. Ó ń tán lára mọ́tò, a sì gbọ́dọ̀ tún un fi. Ẹni tí a bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn tó padà, a kò tíì fi tó.

Bí orúkọ ẹnì kan bá ti wá sí yín lọ́kàn, ẹ pè é kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ má bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ bi í bóyá omi ń yọ ní àdúgbò wọn.

*Àdúrà:* Bàbá, rọ ọwọ́ wa kó tó kan ara ọmọ Rẹ. Àmín.